Ṣé O Mọ̀? Ẹgbẹ́ Olórin Kan, Orúkọ Mẹ́rin, Ó Lé ní Ọgọ́ta Ọdún

Ṣé o mọ̀ pé Egypt 80, ẹgbẹ́ olórin tí Ṣeun Kuti ń darí lónìí, dàgbà ju Ṣeun fúnra rẹ̀ lọ? Ọdún 1983 ni wọ́n bí Ṣeun. Nígbà náà, ẹgbẹ́ yìí ti lo ogún ọdún ní Èkó, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kẹrin. Koola Lobitos ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ó di Nigeria 70, ó di Africa 70, ó wá di Egypt 80. Àwọn kan lọ, àwọn kan dé, wọ́n sun ilé wọn níná, wọ́n ti olórí wọn mọ́ ẹ̀wọ̀n, ìlù kò dákẹ́.

Gbogbo ayé ló mọ Fẹlá, bàbá Ṣeun, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò lónìí, níbi tí àwọn onífèrè, onígìtá, onílù àti àwọn obìnrin elégbè dúró sí.

Ṣé o mọ̀ pé títì tí ò ń gbà láti Òṣòdì lọ sí Muṣin ni ẹgbẹ́ yìí ti gbajúmọ̀? Agege Motor Road ni. Dánfó tó bá gbéra ní Òṣòdì tó dorí kọ ọ̀nà Ọjúẹlẹ́gba yóò gba Ìdí-Òro kọjá. Ìdí-Òro yìí ni Empire Hotel wà, inú àgbàlá rẹ̀ ni Fẹlá sì sọ di Afrika Shrine láyé ọjọ́un. Ilé tó pè ní Kalakuta Republic, nọ́ńbà 14 lórí Agege Motor Road kan náà, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ará Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ tó fẹ́ gbọ́ orin lóru kò ní afárá kankan láti gùn. Àwọn ará Ìkòyí ni ọ̀nà jìn fún, lójú tèmi, ohun tó yẹ ẹgbẹ́ náà gan-an nìyẹn.

Orúkọ Kalakuta ńkọ́? Inú àtìmọ́lé ló ti wá. Ní ọdún 1974, wọ́n ti Fẹlá mọ́ àtìmọ́lé ọlọ́pàá ní Alágbọn. Àwọn tó bá nínú yàrá náà ti sọ yàrá ọ̀hún lórúkọ, Kalakuta ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó jáde, ó gbé orúkọ náà lọ sílé, ó fi sọ ilé rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá Koola Lobitos sílẹ̀, kì í ṣe Èkó? Ọdún 1958 ni Fẹlá lọ sí Trinity College of Music. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ J.K. Braimah ló kó ẹgbẹ́ náà jọ níbẹ̀. Nígbà tó padà délé ní ọdún 1963, ó tún un tò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Jáàsì àti hàílàìfù ni wọ́n ń lù pọ̀. Àwọn tó mọ fèrè gbọ́ wí pé ó dáa. Àwọn tó wá jó kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Sàró kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn kúrò ní Èkó? Geraldo Pino lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Heartbeats. Nǹkan bí ọdún 1966 sí 1967 ló kó orin sóòlù wọ̀lú. Ó ń kọ orin James Brown, ó wọ aṣọ olówó iyebíye, ẹ̀rọ agbóhùnjáde rẹ̀ sì tóbi ju ti gbogbo ará Èkó lọ. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún Carlos Moore tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1982, pé Pino ti gba gbogbo ìlú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní òun ní láti sá lọ sí Gánà. Accra ni Fẹlá wà ní ọdún 1968 nígbà tó sọ orúkọ tuntun tí orin rẹ̀ yóò máa jẹ́, Afrobeat. Nítorí náà, ìjákulẹ̀ tí sóòlù mú bá a wà lára ohun tó bí orin tí a fi mọ̀ ọ́n.

Tony Allen, onílù ẹgbẹ́ náà, ńkọ́? Rédíò ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń tún un ṣe. Ó ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó fọwọ́ kan ìlù, ara rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀. Àwo Art Blakey àti Max Roach ló ń gbọ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń pín ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ní ọdún 1964 ló wọ ẹgbẹ́ Fẹlá. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìlù rẹ̀ tí kò ní bi ara rẹ̀ pé ẹni mélòó ló ń lù ú. Ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ṣé o mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí ojú orin ara wọn? Ọdún 1969 ni. Koola Lobitos lọ, owó tán, ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn tán, wọ́n há sí Los Angeles fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibẹ̀ ni Fẹlá ti pàdé Sandra Smith, tó wá di Sandra Izsadore, ọmọbìnrin tó ń bá ẹgbẹ́ Black Panther ṣe, tó kó ìwé Malcolm X lé e lọ́wọ́. Wọ́n gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé, wọ́n sì di Nigeria 70. Láìpẹ́, Nàìjíríà kéré jù fún orúkọ wọn, wọ́n sọ ọ́ di Africa 70. Ní ọdún 1976, Sandra fúnra rẹ̀ ló kọ orin “Upside Down” sórí àwo wọn.

Ṣé o mọ̀ pé James Brown wá sí Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970, tí àwọn onílù rẹ̀ sì yọ́ lọ wo Fẹlá? Bootsy Collins, ọmọdékùnrin tó ń lu gìtá báàsì fún James Brown lákòókò náà, kò gbàgbé ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà títí dòní. Tony Allen sọ pé David Matthews, ẹni tó ń to orin fún James Brown, jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ òun àti ọwọ́ òun, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ló jí orin ta kò tán láàárín àwọn méjèèjì. Ní tèmi, wọ́n jí i lọ́wọ́ ara wọn, a sì jèrè rẹ̀.

“Jẹun Kó Kú” ló kọ́kọ́ gbé wọn dé ẹnu gbogbo ará ìlú, ọdún 1971.

Ṣé o mọ̀ pé sakisofóònù tẹ́nọ̀ kì í ṣe ti Fẹlá ní ìbẹ̀rẹ̀? Tìròńpẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Igo Chico ni ẹni tó ń fọn sakisofóònù tẹ́nọ̀ fún ẹgbẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n fọn. Ní ọdún 1973, ìjà dé, Igo Chico bínú lọ. Fẹlá kò wá ẹlòmíràn. Ó mú fèrè náà, ó kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọn ún nínú “Gentleman” lọ́dún kan náà. Bí o bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, wàá gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dán níbẹ̀. Àyà rẹ̀ ló gbé e.

Wàyí o, bí orin náà ṣe ń dúró. Gìtá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Báàsì wà nísàlẹ̀, ríídìmù wà lókè, ẹ̀kẹta tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀ gìtá wà láàárín. Tẹ́nọ̀ gìtá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣàkíyèsí. Gbólóhùn kékeré kan ni wọn yóò fún onígìtá náà, yóò máa tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ogún ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ yà, kò gbọdọ̀ fi kún un. Bí omele ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìyáàlù gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀yẹ kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Fẹlá ló máa ń fi ẹnu sọ ohun tí olúkúlùkù yóò lù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ ọ́ sí wọn létí títí wọn yóò fi mú un. Gìtá á wọlé, báàsì á tẹ̀lé e, ìlù, kóńgà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dé, lẹ́yìn náà ni àwọn onífèrè á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà mìíràn, iṣẹ́jú mẹ́wàá á ti kọjá kí Fẹlá tó la ẹnu kọrin.

Ìdí nìyí tí rédíò kò fi rí orin wọn lò. “Confusion” ti ọdún 1975 tó nǹkan bí iṣẹ́jú 25. Rúdurùdu ọkọ̀ ní Ọjúẹlẹ́gba wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni “Shuffering and Shmiling” jáde, èyí tó gbé ọ̀rọ̀ àwọn èrò mọ́lúè kalẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró rí ní Òṣòdì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kó tó di pé wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, kò nílò ìtumọ̀ kankan.

Ṣé o mọ̀ pé láyé Fẹlá, tí o bá lọ sí Shrine pé kí wọ́n lu orin tí o rà lọ́jà, wọn kò ní lù ú? Òfin Fẹlá ni. Orin tuntun ni wọ́n máa ń lù fún àwọn èrò fún oṣù púpọ̀, títí yóò fi gún régé. Nígbà tó bá ti wọ inú àwo, ó parí, wọn kì í sábà lù ú mọ́. Àwọn olówó Òyìnbó tó fẹ́ gbé wọn kiri ayé kò gba èyí. Ta ni yóò sanwó wá gbọ́ olórin tí kò ní kọ orin tó gbajúmọ̀ jù? Fẹlá ní kí wọ́n máa lọ.

Lékan Animaṣaun. Orúkọ yìí ló yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀. Baba Ani ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1965 ló wọ Koola Lobitos pẹ̀lú sakisofóònù bárítónù, èyí tó tóbi ju tẹ́nọ̀ lọ, tó ń dún bí ohùn àgbà láti ìsàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà Nigeria 70. Ó wà níbẹ̀ nígbà Africa 70. Nígbà tí ẹgbẹ́ di Egypt 80, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn olórin. Nígbà tí Ṣeun gbé àwo “Many Things” jáde ní ọdún 2008, Baba Ani ṣì wà lórí ìtàgé. Ó lé ní ogójì ọdún nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, lábẹ́ bàbá àti ọmọ.

Ṣé o sì mọ̀ pé Baba Ani ní àwo tirẹ̀? “Low Profile” ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1995 ló jáde. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Orúkọ àwo yẹn bá ọkùnrin náà mu jù. Túndé Williams tó ń fọn tìròńpẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀, “Mr Big Mouth”. Tony Allen ní “Jealousy”, “Progress” àti “No Accommodation for Lagos”. Africa 70 ló lu gbogbo wọn.

Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1978, Fẹlá gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan, àwọn babaláwo ló sì wúre fún wọn. Ìwé ìròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé elégbè àti oníjó ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Láìsí wọn, kò sí ẹni tí yóò dá Fẹlá lóhùn nínú orin, bẹ́ẹ̀ orin tí a ń lé tí a kò gbè, ààbọ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé Lemi Ghariokwu ya àwòrán iwájú àwo 26 fún wọn? Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 pẹ̀lú “Alagbon Close”, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Nípa ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1977, a ti gbọ́ ọ púpọ̀. “Zombie” ti jáde, ó bu àwọn ọmọ ogun. Sójà tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kọlu Kalakuta, wọ́n sun ún. Wọ́n ju Ìyá Fẹlá, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, kò sì bọ́ nínú ọgbẹ́ náà títí tó fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé irinṣẹ́ orin ẹgbẹ́ náà jóná, ohùn inú fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa Fẹlá jóná, ilé ìwòsàn Dókítà Bẹ́kọ̀, àbúrò Fẹlá, tó wà nínú ilé náà jóná. Ẹgbẹ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ó yẹ kó túká. Lọ́dún kan náà yẹn ni wọ́n gbé “No Agreement” jáde, tí Lester Bowie, onítìròńpẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà, bá wọn fọn.

Ohun tó tú wọn ká dé ní ọdún tó tẹ̀lé e. Oṣù Kọkànlá ọdún 1978, wọ́n lọ ṣeré ní àjọ̀dún jáàsì ní Berlin, ní Jámánì. Lẹ́yìn eré náà, ọ̀rọ̀ owó dé. Fẹlá fẹ́ ṣe òṣèlú, àwọn onílù fẹ́ gba owó iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Tony Allen wà lára wọn. N kò rí ohun tí ènìyàn lè fi dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń kọrin nípa ìyà mẹ̀kúnnù, ó yẹ kó kọ́kọ́ san owó mẹ̀kúnnù tó ń bá a lu ìlù. Paris ni Tony fi ṣe ilé lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 2020.

Àwọn tó kù ni wọ́n di Egypt 80. Fẹlá ní Íjíbítì àtijọ́, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni, kí gbogbo ayé mọ̀. Shrine ti kúrò ní Ìdí-Òro, ó ti lọ sí Pepple Street ní Ìkẹjà. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ òru yábíìsì, níbi tí Fẹlá yóò ti gbá ìjọba mú láìsí orin. Ẹgbẹ́ náà tóbi sí i, orin gùn sí i, ó wúwo sí i. Àwọn kan ní Africa 70 dùn jù. Etí tèmi fara mọ́ wọn nípa ijó, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ìtò fèrè, Egypt 80 ni.

Ṣé o mọ̀ pé pápákọ̀ òfurufú tó wà lẹ́yìn Máfolúkù ni wọ́n ti mú Fẹlá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984? Wọ́n ń lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ó kó owó ilẹ̀ òkèèrè, 1,600 pọ́n-ùn. Ọdún márùn-ún ni ilé ẹjọ́ àwọn ológun dá fún un, ó sì lo nǹkan bí ogún oṣù níbẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1986. Ta ló darí ẹgbẹ́? Fẹ́mi, ọmọ rẹ̀ tó ń fọn sakisofóònù lẹ́yìn. Òun ló kó wọn lọ ṣeré ní Hollywood Bowl ní ọdún 1985.

Ohun tó dun Fẹlá jù nínú ẹ̀wọ̀n náà kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn oníléeṣẹ́ àwo ní òkèèrè mú orin “Army Arrangement”, wọ́n gbé e fún Bill Laswell, alábòójútó àwo, ó fi ọwọ́ Bernie Worrell àti Sly Dunbar kún un. Bernie Worrell yìí, ògbólógbòó nínú fọ́ńkì ni, òun ló lu kíbọ́ọ̀dù fún Parliament àti Funkadelic. Fẹlá gbọ́ ọ, inú bí i gidigidi. Nígbà tó jáde, Wally Badarou, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ Level 42 ṣiṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó, ló ṣe àbójútó “Teacher Don't Teach Me Nonsense” ní 1986. Èyí tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá kú. Ọmọ ọdún 14 ni Ṣeun. Fẹ́mi ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Positive Force, láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwọn àgbà Egypt 80, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń lù kí wọ́n tó bí Ṣeun, gbà kí ọmọ náà dúró níwájú. Ronú sí i wò: bàbá tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu fèrè ń wo ẹnu ọmọ kékeré kó tó fọn. Baba Ani ṣe é, kò ráhùn níta.

Brian Eno bá Ṣeun àti Egypt 80 ṣe àwo ní 2011. Wọ́n yan àwo wọn “Black Times” fún ìdíje Grammy lẹ́yìn tó jáde ní 2018, Carlos Santana wà nínú rẹ̀. Ní Brooklyn, Antibalas ti ń ta gìtá tẹ́nọ̀ yẹn láti 1998, àwọn ló sì ṣe orin fún eré “Fela!” ní Broadway. Beyoncé fi díẹ̀ nínú “Zombie” ṣeré ní Coachella ní 2018. Ní 2024, Egypt 80 tún gbé àwo tuntun jáde, Lenny Kravitz ṣe alábòójútó. Ní 2025, “Zombie” fúnra rẹ̀ wọ Grammy Hall of Fame, ó di ọdún 49 lẹ́yìn tó jáde.

Nítorí náà, ìwọ tí bàbá rẹ ní páálí àwo àtijọ́ nísàlẹ̀ ibùsùn ní Ìsọlọ̀, Ejìgbò, Òkè-Àfà tàbí Máfolúkù, yọ wọ́n jáde lónìí. Àwọn òyìnbó ń wá wọn kiri, owó kékeré ni wọ́n sì fẹ́ fi gbà á. Kí o tó tà, nu eruku kúrò lẹ́yìn páálí náà, ka orúkọ àwọn tó lu ìlù, kí o sì bi bàbá rẹ bóyá ó mọ ọ̀kan nínú wọn.